Àyìnlá Ọmọwúrà Nínú Fíìmù, àti Àwa Ará Abẹ́ Òkè Olósùnta

Ẹ fi orí jì wá bí a bá gbé ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú àti ọ̀rọ̀ owó oṣù olùkọ́ tì sí ẹ̀gbẹ́ kan lónìí, kí a lè bá yín sọ̀rọ̀ olórin kan. Ọjọ́ ti pẹ́ tí olórin náà ti kú. Ọjọ́ kẹfà oṣù karùn-ún ọdún 1980 ni, nínú ìjà ilé ọtí kan ní Abẹ́òkúta, ọwọ́ Báyẹ̀wù tí ó jẹ́ alábòójútó ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó sì kú sí. Àyìnlá Ọmọwúrà, ọ̀gá onílù àpàlà, ni à ń wí. Ọ̀gbẹ́ni Túndé Kèlání sọ ìtàn rẹ̀ di fíìmù, fíìmù náà sì jáde sí ilé sinimá ní oṣù kẹfà ọdún 2021. Orúkọ kan ṣoṣo ni ó fún un: Àyìnlá. Kò fi kún un, kò yọ nínú rẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé bí a bá pe Àyìnlá láàárín àwọn Yorùbá tí ó ti dàgbà, kò sí ẹni tí yóò béèrè pé Àyìnlá wo.

A kò rí fíìmù náà nígbà tí ó wà ní ilé sinimá. Ẹni tí ó bá mọ Ìkẹ́rẹ́ yóò mọ ìdí rẹ̀. Nígbà tí a óò fi rí i, inú yàrá àlejò olùkọ́ kan ni, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, tí ẹ̀rọ amúnáwá ń pariwo ní ẹ̀yìnkùlé, tí wọ́n sì gbé kọ̀ǹpútà kékeré kan ka orí àpótí, àpótí náà wà lórí tábìlì, kí ẹni tí ó jókòó lẹ́yìn má baà máa na ọrùn. A tó mẹ́rìnlá. Àwọn olùkọ́ ni ó pọ̀ jù nínú wa. Ìyá kan tí ó jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà níbẹ̀, bàbá kan tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ wà níbẹ̀, gbogbo àdúgbò ni ó ń pè é ní Tíṣà Àgbà, àwọn ọmọ ilé náà sì tẹ́ ẹní sí iwájú pátápátá. Òṣùpá mọ́lẹ̀ lóru ọjọ́ náà. Láti ojú fèrèsé ni a ti ń rí òkè Olósùnta, tí ó dúró gbọnin bí ẹni pé òun náà wá wòran.

Bóyá nítorí òkè yìí ni àwòrán Abẹ́òkúta fi tètè wọ̀ wá lára. Àwọn òrùlé páànù tí ó ti dípẹtà, tí wọ́n fara ti ara wọn bí àgbà tí ń tòògbé, àti àpáta tí ó yọ orí láàárín wọn: ẹni tí a bí sí abẹ́ òkè kì í wo ìlú olókè bí àlejò. Ará Ẹ̀gbá sá sí abẹ́ Olúmọ nígbà ogun, ó sì yè. Àwa náà mọ ohun tí Olósùnta jẹ́ fún àwọn bàbá wa. Ọ̀gbẹ́ni Kèlání mọ ìlú náà dénú. Èkó ni a bí i sí ní ọdún 1948, ṣùgbọ́n ọmọdé ni nígbà tí wọ́n rán an lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ àgbà ní Abẹ́òkúta, ibẹ̀ ni ó sì ti dàgbà. Kamẹ́rà rẹ̀ kò ṣe bí ẹni tí ń wá ọ̀nà. Ó ń rìn nínú kọ̀rọ̀ Abẹ́òkúta bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ rán ní iṣẹ́ tí ó sì ń ya ilé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́nà.

Ó yẹ kí a sọ ẹni tí Àyìnlá jẹ́, nítorí àwọn ọ̀dọ́ tí ń ka ìwé ìròyìn wa. Ìtókò ní Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí, ní nǹkan bí ọdún 1933. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá rẹ̀. Wúràmọ́tù ni orúkọ ìyá rẹ̀, láti ara orúkọ ìyá yìí ni Ọmọwúrà sì ti jáde, tí ó fi jẹ́ pé ìgbàkígbà tí ayé bá kan sáárá sí i, ìyá rẹ̀ ni wọ́n ń pè láìmọ̀. Kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ó fẹ́ná nínú àgbẹ̀dẹ bàbá rẹ̀, ó wa ọkọ̀, ó pa ẹran tà, ó ṣe iṣẹ́ káfíńtà, ó sì gbé inú gáréèjì. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ bá wa ṣe ìṣirò kékeré kan. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún mélòó ni Àyìnlá nígbà náà? Ó ti ń lọ sí ọmọ ọdún méjìlélógún. Ìgbà tí ó ti kọjá lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn. Àìmọye àwọn ojúgbà rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí, ní Ẹ̀gbá, ní Ìjẹ̀bú àti ní Èkìtì wa níbí.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ọkùnrin tí kò mọ ìwé kà yìí wá ṣe. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1973, náírà àti kọ́bọ̀ gba ipò pọ́n-ùn àti ṣílè. Ìjọba tẹ ìwé, ìjọba sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Àyìnlá kọrin nípa owó tuntun náà, ìyá aláta sì fi orin rẹ̀ kọ́ bí a ti ń ṣírò owó. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ka àwọn ènìyàn orílẹ̀-èdè yìí ní ọdún náà kan náà, ó kọrin lé e lórí. Nígbà tí owó ilé Èkó di ẹrù tí kò ṣeé gbé fún àwọn ayálégbé, ó kọrin lé ìyẹn náà lórí. Abẹ́òkúta ni ìwé ìròyìn èdè Yorùbá ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1859, Abẹ́òkúta yìí náà ni ìwé ìròyìn tí a ń fi etí kà sì ti jáde ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé lẹ́yìn rẹ̀. Àwa oníwèé ìròyìn kì í fẹ́ sọ ọ́ síta, ṣùgbọ́n a ń jowú irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ń gbọ́ tirẹ̀ pọ̀ ju àwọn tí ń ka tiwa lọ.

Orin rẹ̀ ńkọ́? Kò sí gìtá nínú rẹ̀, kò sí fèrè òyìnbó. Ìlù ni, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni, agogo ni, àti ohùn ènìyàn. Adéwọlé Oníluọlá ni ọ̀gá onílù rẹ̀, ẹni tí ó bá sì gbọ́ àwo wọn dáadáa yóò rí i pé ìlù Adéwọlé kì í tẹ̀lé Àyìnlá lẹ́yìn. Ń ṣe ni ó ń bá a jiyàn. Àpàlà Hárúnà Ìṣọ̀lá ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, tí ó jẹ́ àgbà fún un nínú iṣẹ́ náà, ń rọra rìn bí ọba tí ń jáde sí gbàgede. Ti Àyìnlá ń rìn bí ẹni tí ó ti ká ọwọ́ ẹ̀wù sókè, tí ó sì ń wá ẹni tí yóò bá jà. A kò sọ pé ọ̀kan dára ju èkejì lọ, nítorí a fẹ́ kí àwọn òǹkàwé wa tí ó wà ní Ìjẹ̀bú máa ra ìwé ìròyìn wa lọ.

Lateef Adédiméjì ni ó ṣe Àyìnlá nínú fíìmù náà. A kò tíì bí ọ̀dọ́mọkùnrin yìí nígbà tí Àyìnlá kú, nítorí náà kò fi ojú rí i rí. A ti rí àwọn òṣèré tí a fi aṣọ ẹni ńlá wọ̀, tí aṣọ náà sì ń wọ́ wọn nílẹ̀. Ti ọmọ yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ó mú ìgbéraga Àyìnlá, ó mú bí ojú rẹ̀ ti ń yí padà kíákíá láti inú ẹ̀rín sínú ìbínú, ó sì mú ohun kan tí ó ṣòro jù lọ, èyíinì ni bí ọkùnrin kan ti lè jẹ́ ọ̀gá lórí àga orin, kí ó sì dà bí ọmọ tí kò ní olùtọ́jú bí ó bá ti sọ̀kalẹ̀. Nígbà tí ó kọ́kọ́ jáde sí iwájú àwọn onílù rẹ̀, Tíṣà Àgbà, tí kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan láti ìgbà tí a ti jókòó, gbá apá àga rẹ̀, ó ní, “Òun nìyẹn!” Àwa kò tún nílò ẹ̀rí mìíràn.

Báyẹ̀wù ni ó yà wá lẹ́nu jù. Débọ̀ Adébáyọ̀ ni ó ṣe é, ẹni tí gbogbo àwọn ọmọ mọ̀ sí Mr Macaroni, apanilẹ́rìn-ín tí wọ́n ń wò lórí fóònù. Bí ó ti yọjú báyìí ni àwọn ọmọ orí ẹní bú sẹ́rìn-ín kí ó tó la ẹnu rárá. Ọ̀gbẹ́ni Kèlání kò ṣàìmọ̀ pé wọn yóò rẹ́rìn-ín. Ó jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tẹ́rùn. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹ̀rín náà ń gbẹ, bí omi inú ìkòkò tí a gbàgbé sórí iná, nígbà tí yóò sì fi kù díẹ̀ kí fíìmù náà parí, kò sí ẹni tí ń rẹ́rìn-ín mọ́. Báyìí gan-an ni ìjà ṣe ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́. Ẹni tí ó ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín lánàá ni ó ń ka ìwọ̀sí tí o fi kàn án sínú.

Omówùnmí Dáda ṣe Deborah, obìnrin tí ọkàn Àyìnlá fà sí, ó sì ṣe é débi pé a kò lè bá a wí. Kúnlé Afọláyan ni ó ṣe Àjàlá, ọkùnrin tí ó fẹ́ mú Àyìnlá lọ kọrin ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ Adéyẹmí Afọláyan tí a mọ̀ sí Adé Love ni. Àwọn òǹkàwé wa tí irun wọn ti funfun yóò rántí bàbá náà nínú Àjàní Ògún, fíìmù èdè Yorùbá tí ó jáde ní ọdún 1976, nígbà tí wọ́n ń gbé fíìmù kiri láti ìlú dé ìlú bí ẹni gbé ọjà.

Ọ̀rọ̀ Lọ́ńdọ̀nù yìí ni ó di okùn tí fíìmù náà fi so wá mọ́lẹ̀. Gbogbo àwa àgbà tí a wà nínú yàrá náà ni a mọ̀ pé Àyìnlá kò dé Lọ́ńdọ̀nù. A mọ ọjọ́ tí ó kú, a mọ ọwọ́ tí ó pa á. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n ń múra ìrìn àjò, ọkàn wa ń lọ sókè. Ọmọbìnrin kékeré kan nínú àwọn tí ó jókòó sórí ẹní yí ojú padà, ó bi Tíṣà Àgbà léèrè pé, “Bàbá, ṣé yóò lọ?” Tíṣà Àgbà wo iwájú, kò dáhùn. Olùkọ́ ni bàbá yìí fún ọdún márùndínlógójì, a kò sì rò pé ó ti fi ìbéèrè ọmọdé sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Kì í ṣe pé a kò rí àbùkù nínú iṣẹ́ náà. Ìgbà ìkẹyìn ayé Àyìnlá ni fíìmù náà dúró lé lórí. Ìgbà ẹwìrì àti ìgbà gáréèjì, tí ó sọ ọ́ di irú ẹni tí ó dà, kò rí àyè tí ó tó. A ò bá sì fẹ́ kí a rí bí orin ṣe ń wá sí ọkùnrin tí kò lè kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀: bí ó ṣe ń há a sórí, bí Adéwọlé ṣe ń wá ìlù tí yóò bá a mu, iye ìgbà tí wọ́n ń tú u palẹ̀. Ọ̀ràn obìnrin gba àyè púpọ̀, ọ̀ràn iṣẹ́ gba díẹ̀. Ọ̀pọ̀ fíìmù tí a ń ṣe nípa olórin ni ó ní àrùn yìí, títí dé ti òyìnbó. Àwọn tí wọ́n rí Bohemian Rhapsody, tí ó jáde ní ọdún 2018 nípa Freddie Mercury, ọmọ tí a bí ní Zanzibar tí ó wá di ọba olórin rọ́ọ̀kì ní Ìlú Ọba, yóò rántí pé bákan náà ni ó rí: ọtí, ìfẹ́, àríyànjiyàn, a sì kàn bá orin níbẹ̀ bí ẹni pé ojò ni ó rọ̀ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí fíìmù parí, tí wọ́n pa ẹ̀rọ amúnáwá kí epo lè kù fún ọjọ́ kejì, àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ fìtílà. Ìyá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó ní, “Ẹ má bínú o, fíìmù náà dùn, ṣùgbọ́n irú ènìyàn wo ni ẹ gbé síwájú àwọn ọmọ yìí? Oníjà, ọ̀mùtí, ẹni tí ń fi orin bú obìnrin. Bí ọmọ kan ní kíláàsì mi bá wí fún mi lọ́la pé òun fẹ́ dà bí Àyìnlá, kí ni kí n sọ fún un?”

Tíṣà Àgbà ní, “Ìyá, ẹ sọ fún un pé kí ó kọ́kọ́ ní ohùn.”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ìyá náà kò rẹ́rìn-ín. Ní tòótọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe èyí tí a lè fi ẹ̀rín dáhùn. Àyìnlá kò fi obìnrin lọ́rùn sílẹ̀ nínú orin rẹ̀. Ó bú àwọn tí ń bóra, ó bú àwọn tí ó pè ní pańṣágà, kò sì sí ibi tí ó ti béèrè pẹ̀lú ohùn líle bẹ́ẹ̀ pé àwọn ọkùnrin wo ni wọ́n ń bá ṣe pańṣágà. Àwa kò lè gbèjà rẹ̀ níbẹ̀, a kò sì ní gbìyànjú rẹ̀. Ohun tí a rí nínú fíìmù náà ni pé Ọ̀gbẹ́ni Kèlání náà kò gbèjà rẹ̀. Kò fi ìbòjú bo ọtí, kò fi bo ìgbéraga. Ó jẹ́ kí a rí i pé ìgbéraga náà wà lára ohun tí ó gbé ọkùnrin náà dé ilé ọtí lọ́jọ́ náà. Ọmọ tí ó bá wò ó dé òpin kò ní ronú pé ayé oníjà dùn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí ni ó pa àríyànjiyàn náà lẹ́nu mọ́. Ọmọkùnrin kan wà nínú àwọn ọmọ ilé náà, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ọmọ tí orí rẹ̀ pé, ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ni ó ń lọ. A ti ṣàkíyèsí rẹ̀ nígbà tí fíìmù ń lọ pé ó sún mọ́ kọ̀ǹpútà ju àwọn yòókù lọ, tí ẹnu rẹ̀ sì ń mì. A rò pé orin ni ó ń bá wọn kọ. Ìyá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ bi í pé kí ni ó gbádùn jù nínú ohun tí ó wò. Ọmọ náà dáhùn ní èdè òyìnbó pé òun kò lè ka gbogbo rẹ̀ tán, nítorí ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ ń yára jù.

Ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀! Èdè òyìnbó tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ àwòrán fún àwọn àjèjì tí kò gbọ́ Yorùbá ni ọmọ Ìkẹ́rẹ́, ọmọ ọmọ ará Ìkẹ́rẹ́, ń kà kí ó lè mọ ohun tí àwọn Yorùbá ń sọ ní òkè. Ní ilé ẹ̀kọ́ tí ó ń lọ, owó ìtanràn ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọmọ tí ó bá sọ Yorùbá nínú ọgbà. Ìyá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wo ọmọ náà títí. Ó dákẹ́. Nígbà tí ó tún sọ̀rọ̀, ó ní kí wọ́n bá òun wá fíìmù náà sórí ohun tí òun lè gbé lọ sí ilé. Ó ní òun kò tíì sọ pé òun fara mọ́ Àyìnlá o, òun fẹ́ mọ iye ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ tí àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà òun yóò gbọ́ láìsí ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀.

Nítorí èyí ni a ṣe gbé ọ̀rọ̀ fíìmù wá sí ojú ewé yìí, tí ó jẹ́ ti ọ̀ràn ìlú. Ọmọ Abẹ́òkúta mìíràn wà tí ayé mọ̀ ju Àyìnlá lọ, Fẹlá Aníkúlápó Kútì, tí a bí ní ọdún 1938. Ní ọdún 1982, fíìmù kan nípa rẹ̀ jáde láti ilẹ̀ Faransé. Ní ọdún 2014, òmíràn jáde láti ọwọ́ Alex Gibney ará Amẹ́ríkà. Inú wa dùn sí méjèèjì. Ṣùgbọ́n nínú méjèèjì, àlejò ni ó ń fi ìka tọ́ka sí ilé wa fún àlejò ẹgbẹ́ rẹ̀. Nínú fíìmù Àyìnlá, onílé ni ó ń sọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ fún onílé, bí àlejò bá fẹ́ gbọ́, kí ó máa ka ìsàlẹ̀. Kì í ṣe lójijì ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń ṣeé ṣe. Ní ilé ìṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní Ìbàdàn, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 1959, ni Kèlání ti kọ́ iṣẹ́ kamẹ́rà, kí ó tó lọ kàwé nípa fíìmù ní Lọ́ńdọ̀nù. Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 1993, Ó Le Kú ní ọdún 1997, Ṣaworoidẹ ní ọdún 1999. Àwọn tí wọ́n ń pariwo ní ọdún 1959 pé kí ni tẹlifíṣọ̀n fẹ́ ṣe fún àgbẹ̀ oníkòkó, ìdáhùn kan rèé, bí ó tilẹ̀ pẹ́ kí ó tó dé.

Àwa tí a wà ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀ àti ní Ẹ̀mùrẹ́ mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí onílé bá dákẹ́. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ni ó gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́, ilẹ̀kùn tí ó ní àwòrán Ògògà lórí ìtẹ́ àti ti aṣojú ìjọba òyìnbó tí àwọn ènìyàn gbé rù wá. Ní ọdún 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ibi ìpàtẹ ńlá kan ní Wembley. Àwọn òyìnbó rí i, wọ́n fẹ́ rà á. Ògògà kò gba owó. Àga ọba tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀, ilẹ̀kùn wa sì di ti ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀kan nínú àwọn òpó tí ó gbẹ́ fún ààfin náà wà ní Chicago ní Amẹ́ríkà lónìí. Ó kéré tán, igi ṣeé gbé, ó ṣeé tọ́jú, ẹni tí ó bá ní owó ọkọ̀ òfurufú lè lọ wò ó. Ọdún 1938 ni Ọlọ́wẹ̀ kú. Oríkì rẹ̀ tí ayé ń kà nínú ìwé lónìí, ọ̀kan nínú àwọn aya rẹ̀ ni ó kì í ní ọdún 1988 fún John Pemberton, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan. Àádọ́ta ọdún gbáko ni oríkì náà fi wà lẹ́nu àwọn arúgbó, láìsí ẹnìkan nínú wa tí ó na ọwọ́ mú bírò. Ká ní ikú ti tètè mú ìyá náà lọ, kí ni à bá kà?

Bí igi bá rí bẹ́ẹ̀, orin ńkọ́, tí kò ní ara tí a lè dì mú? Ẹlẹ́mùrẹ́ Ògúnyẹmí fi ẹ̀ka-èdè Èkìtì kọrin sínú àwo, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé Yorùbá Ọ̀yọ́ nìkan ni a lè fi kọrin kí ó tà. Ẹ bi ọmọ ogún ọdún kan léèrè ní Ìkẹ́rẹ́ bóyá ó mọ orúkọ rẹ̀. Àwọn ìyá tí wọ́n ń kọ orin ọdún Olósùnta ńkọ́? Wọ́n ń darúgbó lójú wa, lọ́dọọdún ni a sì ń fi fóònù ya aṣọ wọn àti ijó wọn, tí a kì í jókòó tì wọ́n kí a béèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ó jáde ní ẹnu wọn. Àwọn olùkọ́ ni ó tó bẹ́ẹ̀ láti ṣe iṣẹ́ yìí, a kò fi ọ̀rọ̀ náà bọ abẹ́ ahọ́n. Ìkẹ́rẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga tí ó ti ń kọ́ olùkọ́ láti ọdún 1977, tí ó sì ti di yunifásítì báyìí. Bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ náà kan bá gbà láti jókòó ti ìyá kan ní ọdún kan, tí ó sì kọ orin márùn-ún sílẹ̀ pẹ̀lú ìtumọ̀ wọn, àwa yóò tẹ̀ ẹ́ jáde ní ojú ewé yìí kan náà, a kò sì ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí a tó tú ká lóru ọjọ́ náà, Tíṣà Àgbà ní kí a tẹ̀lé òun dé ilé. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1975, nígbà tí ìjọba san owó Údojì fún àwọn òṣìṣẹ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ra kẹ̀kẹ́ àti fìríìjì. Òun ra gírámófóònù. Ó ṣì wà níbẹ̀, lábẹ́ aṣọ funfun tí ìyàwó rẹ̀ fi bò ó. Àwo Àyìnlá méje ni ó gbé jáde nínú àpótí, àti mẹ́ta ti Ẹlẹ́mùrẹ́ Ògúnyẹmí, gbogbo wọn nínú páálí wọn, ó ti fi tádàwà kọ ọjọ́ tí ó ra ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀yìn. Ọmọkùnrin ọlọ́dún mọ́kànlá nì bá wa lọ. Ó gba àwo kan, ó gbé e sí ibi ìmọ́lẹ̀ fìtílà, ó fi ìka tọ ojú ìlà rẹ̀ yíká, ó sì béèrè, ní Yorùbá tí ó ń kọsẹ̀, pé níbo ni ohùn náà wà nínú rẹ̀.

A kò lè fi hàn án. Abẹ́rẹ́ gírámófóònù náà ti ṣẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, Tíṣà Àgbà sì ti wá a dé Àkúrẹ́ àti Adó láìrí. Ẹnikẹ́ni nínú àwọn òǹkàwé wa tí ó bá mọ ibi tí a ti lè rí irú rẹ̀ rà, kí ó jọ̀wọ́ kọ̀wé sí Olóòtú. Ọmọ náà ti wá béèrè ní ẹ̀ẹ̀mejì.